Agolo Ara Ẹnjíìnì Ọlálérè

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́yìnkùlé. Kò dún lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ó ń dún lọ ni, bí ìgbà tí ẹnìkan gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e tó sì gbàgbé láti gbé e kúrò.

Ìyá Bọ́láwùmí ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé yẹn, ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ tí wọ́n fi tapólì bò. Ẹni tó ni ín ti wà ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún tó kọjá.

"Ta ló wà níbẹ̀?" Ó kígbe. "Mo ní ta ló wà níbẹ̀?"

Fèrè náà ṣì ń dún.

Bọ́láwùmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní SS2, sáré jáde láti inú ilé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá, ó wọ abẹ́ tapólì, ó sì fa wáyà kan yọ lábẹ́ àga ẹ̀yìn ọkọ̀. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

"Màámi, ẹ má bẹ̀rù. Èmi ni mo so bátìrì mọ́ ọn láàárọ̀. Ó jọ pé èkúté ti jẹ ara wáyà fèrè ẹ̀. Nígbà tí òòrùn mú, wáyà yẹn rọ̀, ó wá fara kan irin ọkọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mà."

Ìyá rẹ̀ kò wo ẹ̀yìnkùlé. Ó mú ọ̀bẹ nílẹ̀, ó sì jókòó padà. "Má ṣe irú ẹ̀ mọ́," ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n kò tún bó ẹ̀gẹ́ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní Ìlá, ìlú wọn, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú sàréè ọmọ tó kú ní ọ̀dọ́. Wọn kì í sì í fi ẹrù irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ojú ìyá rẹ̀ máa bá a pàdé. Nígbà tí ibà gbé Ọlálérè, ẹ̀gbọ́n Bọ́láwùmí, lọ, àwọn obìnrin ẹbí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì wá sílé wọn. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, àti ìrọ̀rí rẹ̀. Wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ lára ògiri, ṣùgbọ́n ojú ibi tó wà mọ́ ju ara ògiri yòókù lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni bá wọlé á ṣì rí i pé ohun kan ti wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ kó orúkọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ìyá Lérè ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá yìí kí ó tó di ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ kejì, Ìyá Bọ́láwùmí ni, bí ẹni pé kò bí ọmọ kankan ṣáájú.

Ọkọ̀ nìkan ni wọn kò rí kó, torí kò ní táyà nígbà yẹn. Wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n sì fi òkúta lé etí rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè, bàbá Bọ́láwùmí, gbọ́ ọ̀rọ̀ fèrè náà, ó pe ọmọ rẹ̀ sí pálọ̀. Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá yìí, kì í pariwo.

"Ta ní kí o lọ so bátìrì mọ́ nǹkan yẹn?"

Bọ́láwùmí kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ó ti to ẹnjíìnì ẹ̀ tán kó tó... kó tó di pé..." Kò lè parí ẹ̀. "Ohun tó kù kò pọ̀, sà. Mo lè ṣe é. Mo máa ń wo bó ṣe ń ṣe é."

"Mo ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e."

"Bàámi, ó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀."

"Iṣẹ́?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Ọmọ tó fi pólì sílẹ̀ wálé, tó ń jókòó gé agolo mílíìkì! Iṣẹ́ lo pe ìyẹn? Mo sọ fún un lójú ara ẹ̀ pé eré ọmọdé ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un gbẹ̀yìn nìyẹn, kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un nù.

"Ó dáa," ló wí. "Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, èmi fúnra mi ni màá wà á láti ibí dé Òkè-Ìlá, màá sì wà á padà. Bó bá gbé mi lọ tó gbé mi bọ̀, màá gbà pé ọmọ yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Màá sì sọ ọ́ síta pé èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi okùn fà á wálé, kí àwọn onírin gbé e. N kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí."

Báyìí ni Bọ́láwùmí ṣe bọ́ tapólì kúrò lára ọkọ̀ náà.

Òórùn Ọlálérè ṣì wà nínú rẹ̀, òórùn ọ́ìlì àti ọṣẹ dúdú. Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan, èyí tí àwọn obìnrin kò rí, ni ó fi di àwọn sípánà rẹ̀. Ojú ìka rẹ̀ mẹ́rin hàn lára aṣọ náà ní dúdú, bó ṣe máa ń fi nu ọwọ́. Bí Bọ́láwùmí bá tú nọ́ọ̀tì kan, á rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ojú rẹ̀ kó má baà dógùn-ún, àti pé bí wọ́n ṣe le tó kò yàtọ̀ síra. Nígbà mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó nǹkan lábẹ́ ọkọ̀, á sọ ọ́ jáde láìmọ̀ pé, "Ẹ bá mi dì í mú, ẹ̀gbọ́n mi." Á sì dúró díẹ̀, bí ẹni ń retí kí wọ́n dì í mú lóòótọ́.

Ẹ̀yìn ni ẹnjíìnì irú ọkọ̀ yìí wà. Kò ní rédíétọ̀, wọn kì í sì í bu omi sí i. Fáànù ńlá kan ló wà nínú àpótí páànù lókè ẹnjíìnì, dáínámò ló sì gbé e dúró. Bí ẹnjíìnì bá ti ń yí, bẹ́líìtì á máa yí dáínámò àti fáànù pọ̀, fáànù á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sórí sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Atẹ́gùn ni omi tirẹ̀," ni Ọlálérè máa ń sọ.

Páànù mìíràn tún ti wà yí ẹnjíìnì náà ká tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìpẹtà ti jẹ ìyẹn tán. Ọlálérè ló fi agolo rọ́pò rẹ̀: agolo mílíìkì, agolo òróró, àti agolo bisikíìtì kan tó ní òdòdó pupa lára. Ó là wọ́n, ó tẹ́ wọn pẹlẹbẹ, ó ká etí wọn, ó sì fi bóòtù kéékèèké dè wọ́n mọ́ra. Nígbà tó ń ṣe èyí, Bọ́láwùmí wà ní ilé-ìwé ó ń ṣe ìdánwò. Kò sí níbẹ̀ láti béèrè ohun tí wọ́n wà fún.

Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, Dámisọ́lá, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, wá láti Èkó. Ọmọkùnrin yìí kì í gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà yẹn, ọkọ̀ náà ti ní táyà, Bọ́láwùmí sì ti kùn ún ní àwọ̀ ewé.

"Áà, Bọ́lá, o gbìyànjú o!" Dámisọ́lá ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ó wo inú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Kí nìyí? Ẹnjíìnì wọ agolo bisikíìtì! Ṣé ó fẹ́ mu tíì ni?"

"Má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi síbẹ̀."

"Mo mọ̀, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n rò ó wò ná. Ṣebí o ní atẹ́gùn ló ń tù ú lára? Ta ló ń wọ kóòtù kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i? Tú u. A ó fọ ẹnjíìnì yẹn kó máa dán, a ó fi igi gbé ìdérí ẹ̀ sókè, n ó wá ya fídíò ẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ Èkó máa kú! Àbí o fẹ́ kí wọ́n wò ó kí wọ́n ní ilé ìdáná lẹ gbé wá?"

Bọ́láwùmí wo agolo náà. Lóòótọ́, kò wuni. Ọ̀rọ̀ Dámisọ́lá sì bọ́gbọ́n mu létí. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé Ọlálérè kì í fi ohun tí kò níṣẹ́ sí ibì kankan, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó mú sípánà, ó sì tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kó wọn sínú garawa kan, ó gbé e sábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀.

Wọ́n tan ẹnjíìnì náà. Ó dún kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú àgbàlá ni wọ́n ti dán an wò, kò sì pẹ́ tí wọ́n pa á, nítorí náà kò sí ohun tó ṣe é.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, bàbá wọ ọkọ̀. Kò wo ẹ̀yìn, kò wo ẹnjíìnì. Ó di ṣítíárì mú bí ẹni tó ti wa irú ọkọ̀ náà rí nígbà èwe, wọ́n sì gbéra. Bọ́láwùmí wà níwájú, Dámisọ́lá wà lẹ́yìn pẹ̀lú fóònù rẹ̀.

Ọ̀nà tẹ́jú, ọkọ̀ ń sáré. Bọ́láwùmí ń wo bàbá rẹ̀ láìyí ọrùn. Ètè bàbá náà ti rọ̀, ó jọ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kò burú," ló sọ. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀: "Kò burú rárá."

Nígbà tí wọ́n ń gun òkè, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, iná pupa kan tàn níwájú bàbá. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ohun kan ké nínú ẹnjíìnì bí ìgbà tí irin bá ń họ irin, ọkọ̀ sì dúró gbagidi.

Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni irin gbígbóná tó ń dún lẹ́yìn wọn, tín, tín, tín, tó ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí mímí aláìsàn.

Mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Kọ́lájọ ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibẹ̀. Òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ wá. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì pòṣé.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ta ló to èyí? Kò fi páànù kankan yí i ká! Ẹnjíìnì ti sè. Ẹ má bínú o, ẹni tó tò ó kò mọ iṣẹ́ rárá."

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé bó ṣe fi í sílẹ̀ nìyí?"

Dámisọ́lá gbé fóònù rẹ̀ wálẹ̀. Bọ́láwùmí la ẹnu. Ó rí ojú bàbá rẹ̀, ó rí bí ojú náà ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kó sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé rárá, á ní láti sọ ẹni tó tú u. Ọlálérè kò sí níbẹ̀. Kò lè bínú, kò sì lè jiyàn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí.

Ojú bàbá náà pa bí iná àtùpà. "Mo sọ fún un," ló sọ. Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà padà sí Ìlá.

Láti ọjọ́ yẹn, Bọ́láwùmí kò ní ìsinmi. Tó bá wà ní kíláàsì, òórùn ọ́ìlì jíjóná á gba ibi fèrèsé wọlé, Bọ́láwùmí á sì yí orí wò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jóná. Tí ìyá rẹ̀ bá gbé ìkòkò kúrò lórí iná, tó ń dún tín, tín bó ṣe ń tutù, ọmọ náà á dìde kúrò níbẹ̀. Bí atẹ́gùn ọ̀sán bá fẹ́, àwọn agolo inú garawa lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ á máa lu ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ yọ ará ilé lẹ́nu.

Dámisọ́lá pè é láti Èkó. "Ṣé o ò tíì sọ fún wọn? Bọ́lá, èmi ni mo ní kí o tú u. Fi sí mi lọ́rùn." Bọ́láwùmí gé ìpè náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọmọ yẹn kò mọ̀ ọ́n. Mẹkáníìkì ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó jàre. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ohun kan ń dùn. Nígbà tí wọ́n délé, ìyá rẹ̀ dúró síwájú ògiri tó ní ojú àwòrán, ó ní, "Ìyẹn ni pé ó fi ìwọ̀nba ọjọ́ tó lò ṣòfò lóòótọ́." Ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bọ́láwùmí gbé garawa náà lọ sẹ́yìnkùlé. Ó fẹ́ mọ ohun tí òun tú dànù. Ó fi agolo kọ̀ọ̀kan wá ibi tó bá a mu, títí tí gbogbo wọn fi padà sí àyè wọn. Lẹ́yìn náà ó yọ bẹ́líìtì, ó sì so bátìrì mọ́ dáínámò. Ọlálérè ló kọ́ ọ pé dáínámò tó ń pèsè iná, bí èèyàn bá fún òun náà ní iná, á máa yí fúnra rẹ̀. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bọ́láwùmí dáná ìhá ẹyìn, ìyẹn pàǹtí tó ń kù lẹ́yìn tí a bá ti fún epo, tó ní ọ̀rinrin, ó sì gbé èéfín rẹ̀ sókè ibi tí fáànù ti ń fa atẹ́gùn.

Èéfín wọlé lókè, ó gba àárín sìlíńdà kọjá, ó jáde sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, kò sì padà wá. Bọ́láwùmí tú àwọn agolo náà, ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, èéfín tó jáde nísàlẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ gòkè padà, fáànù sì tún fà á mu. Ooru tí ẹnjíìnì ti tu dànù ló ń fẹ́ padà sí ara rẹ̀. Àwọn agolo kì í ṣe kóòtù rárá. Ògiri ni wọ́n, tó ya atẹ́gùn tútù lókè kúrò lára ooru ìsàlẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ jí lójú oorun ọ̀sán, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá wo nǹkan kan. Màámi, ẹ̀yin náà, mà."

Ìyá rẹ̀ kò tíì dé ẹ̀yìnkùlé láti ọdún tó kọjá. Ó dúró létí ògiri. Bọ́láwùmí fi èéfín hàn wọ́n, pẹ̀lú agolo, lẹ́yìn náà láìsí agolo. Kò pa ọ̀rọ̀ náà dà.

"Bó ṣe fi í sílẹ̀ nìyí, sà, pẹ̀lú agolo. Èmi ni mo tú wọn, torí pé ojú ń tì mí. Nígbà tí ẹ bi mí, mo parọ́ mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé kò lè dá mi lóhùn."

Ìyá rẹ̀ rìn wá láti etí ògiri. Ó gbé agolo tó ní òdòdó pupa sọ́wọ́. "Agolo bisikíìtì mi," ló sọ. "Mo wá a, wá a. Lérè ló gbé e!" Ẹ̀rín àti ẹkún ṣe pọ̀ lójú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ etí agolo kan, níbi tí Ọlálérè ti ká a kó má baà gé èèyàn lọ́wọ́.

"Ṣe é kí n tún wò ó," ló wí. Bọ́láwùmí to àwọn agolo padà, ó sì tún un ṣe. Èéfín sọ̀ kalẹ̀.

"Kò sí ẹni tó kọ́ ọ," ni bàbá náà sọ nígbẹ̀yìn. "Ó rò ó fúnra ẹ̀ ni." Ó dìde. "Ọkọ̀ tí mo wà lọ́jọ́ náà kọ́ ni ọkọ̀ tó tò. A kò tíì dán tirẹ̀ wò. Kí àwọn onírin má wulẹ̀ wá. Ìwọ lo ba ẹnjíìnì yìí jẹ́, ìwọ lo máa tún un ṣe, bó tilẹ̀ gba ọdún kan. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló kọ́kọ́ kàn. Wọ́n fi ọmọ mi ṣẹ̀rín lójú ọ̀nà, o sì gbọ́."

Lọ́la ọjọ́ náà, bàbá àti ọmọ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kọ́lájọ. Àwọn ọmọṣẹ́ tó rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀. Bọ́láwùmí kó àwọn agolo náà sórí bẹ́ńṣì níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ìwọ̀nyí yí ẹnjíìnì yẹn ká. Èmi ni mo tú u, mo sì parọ́. Ó mọ iṣẹ́, sà."

Kọ́lájọ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yí wọn síwá sẹ́yìn, ó fi ojú wo bí ìlà wọn ṣe gún. Ó pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń gé páànù." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí bàbá. "Kí lorúkọ ẹni tó gé e, sà?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, bàbá náà kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ náà.

"Ọlálérè ni," ló dáhùn. "Ọlálérè Bámgbóyè. Àkọ́bí mi ni."

Ohun tí Bọ́láwùmí kọ́ níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Bí o kò bá mọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, má ṣe tú u nítorí pé ẹnìkan fi rẹ́rìn-ín. Bí o bá sì ṣe àṣìṣe, má ṣe gbé e ka orí ẹni tó ti kú. Kò lè dìde wá gbèjà ara rẹ̀. Ọwọ́ àwa tó mọ òtítọ́ ni orúkọ rẹ̀ wà.